Ìyàwó Onígi Kì Í Jókòó

"Fi ojú sí i, má fọwọ́ kàn án," ni Àǹtí wí.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá. Àbúrò màmá rẹ̀ ni Àǹtí yìí, yàrá ìwádìí ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nínú àwo kékeré àkọ́kọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì rí roboto, wọ́n ṣù mọ́ra wọn. Nínú ìkejì, wọ́n ti hunjọ, púpọ̀ ti kú.

"Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni méjèèjì," Àǹtí ṣàlàyé. "Irú èyí tí fáírọ́ọ̀sì máa ń fà, irú èyí tó ń ṣe màmá rẹ. Fítámì C la dà sí ìkejì. Ṣùgbọ́n inú àwo nìyẹn o. Ìwádìí ṣì ni."

Ọmọ náà gbọ́ ti fítámì dáadáa. Èyí tó kẹ́yìn gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Aránṣọ ni màmá rẹ̀. Dókítà ti sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú wàrà ọmú ni fáírọ́ọ̀sì náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ Màmá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tó sì lúgọ síbẹ̀ títí ó fi di jẹjẹrẹ lágbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ èyí ni ara ọmọ yìí ti kú. Kò sunkún. Ó ń jẹun, ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí pé ó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, Dókítà Kékeré ni màmá rẹ̀ ń pè é. Bàbá rẹ̀ ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, kì í sábà sí nílé, nítorí náà òun ni wọ́n fa oògùn Màmá lé lọ́wọ́.

Oògùn náà le. Bí Màmá bá ti gbé e mì, èébì ni.

"Dókítà Kékeré, àbí oògùn yìí fẹ́ pa mí kí àìsàn tó débẹ̀ ni?" á béèrè, á sì rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ère onígi tó máa ń wọ aṣọ sí lọ́rùn pàápàá, Ìyàwó Onígi ló sọ ọ́. Aṣọ kì í sì í jáde lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bí oníǹkan bá wọ̀ ọ́, tó rìn, tó sì jókòó. "Ìyàwó Onígi kì í jókòó," á ní. "Kì í jẹun, kì í mí. Aṣọ wo ni kò ní bá a mu?"

Nígbà tí ọmọ náà ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Àǹtí, ó ra fítámì C. Ó da oògùn ilé ìwòsàn sínú agolo bọ́tìnnì, ó sì fi fítámì kún inú ìgò rẹ̀.

"Kí ló dé tí oògùn yìí ń kan?" Màmá béèrè.

"Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni, Màámi."

Èébì dáwọ́ dúró. Màmá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn aládùúgbò sì ń kí wọn kú oríire. Ọmọ náà ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nígbà tó yá, kókó yọ sí Màmá lọ́rùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń wá sísọ́ọ̀sì káàkiri yàrá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

"Ta ló gbé sísọ́ọ̀sì mi?"

Ọmọ rẹ̀ rọra gba sísọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Bàbá ṣe ti ìrìn àjò dé nìyẹn, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà lọ.

"Àìsàn yìí ti tún gbérí, òun ló ń fa òùngbẹ àti ìgbàgbé yẹn," ni dókítà wí. "Ó jọ pé oògùn yẹn kò ràn án mọ́. Èyí tó kù le jù ú lọ, ara wọn sì lè má gbà á. Ṣé wọ́n ń lo ti tẹ́lẹ̀ déédéé?"

"Déédéé ni, Dókítà," Bàbá dáhùn. "Ọmọ mi ló ń fún un. Kì í gbàgbé."

Ọmọ náà wolẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á fún Màmá ní oògùn líle nítorí irọ́ òun.

"Wọn ò lò ó," ló sọ, bí ẹni tó ń kàwé sókè. "Fítámì C ni mò ń fún wọn. Oògùn yín wà nínú agolo bọ́tìnnì."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"O ṣeun tí o sọ ọ́," dókítà wí. "A ó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ibi tí àìsàn ti gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, mi ò lè ṣèlérí pé a ó gbà á padà tán."

Àǹtí bá ọmọ náà níta, níbi tó jókòó sí.

"Nínú àwo, iye fítámì tó bá wù wá la lè dà lé sẹ́ẹ̀lì lórí," ó ní. "Kò sí ikùn níbẹ̀, kò sí kíndìnrín. Bí èèyàn bá gbé e mì, díẹ̀ lara ń gbà, á tọ ìyókù dànù. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Mo rò pé mo ti fojú ara mi rí i, Àǹtí."

Màmá padà sílé. Oògùn padà, èébì náà padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Kò bá ọmọ rẹ̀ wí lórí agolo bọ́tìnnì rárá, ìyẹn gan-an ló burú jù. Ọmọ náà ló parí kaba tí olùkọ́ àgbà kan gbé wá. Ó bá Ìyàwó Onígi mu rẹ́gí. Obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó yìn ín, ó sì ń múra àtilọ.

"Dókítà Kékeré," Màmá pè láti orí ibùsùn nínú yàrá, "ṣé wọ́n ti jókòó?"

"Rárá, Màámi."

"Ní kí wọ́n jókòó."

Olùkọ́ àgbà jókòó. Ẹ̀yìn kaba ya, pràá!

Ọmọ náà wo ibi tó ya, ó wo ère tó dúró sí kọ̀rọ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí àìsàn ti wọlé wọn. Ó sunkún títí ó fi di pé olùkọ́ àgbà ló ń bẹ̀ ẹ́.

"Má sunkún mọ́," ni Màmá wí. "Tú u, kí o tún un rán. Aṣọ ṣeé tú."

Lóòótọ́, aṣọ ṣeé tú, ara ènìyàn kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó pa àrùn nínú àwo kò tíì di oògùn ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ oògùn aláìsàn láìjẹ́ kí dókítà gbọ́. Abéèrè kì í ṣìnà. Ọmọ yìí ní àǹtí, ó ní dókítà, ẹnu kò sì dùn ún. Kò kàn béèrè ni.

Nígbà tí olùkọ́ àgbà bọ́ kaba náà, ọmọ náà nu ojú, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ náà.