Òróró Màmá Atalẹ̀

Àárọ̀ ni wọ́n bá Bírìkìlà lórí àga ní pálọ̀, ó ti kú. Itọ́ tó hó bí ọṣẹ ti gbẹ sí i lẹ́nu, èébì dà sí i láyà títí dé ìbàdí, eṣinṣin sì ti ń jẹun níbẹ̀ kí ará ilé tó jí. Ọkùnrin tó ń gbé búlọ́ọ̀kù lójoojúmọ́ bí ẹni gbé ìrọ̀rí, tí kò ní àìsàn kankan ju òtútù tó ń mú un wúkọ́ lọ́sẹ̀ náà, àti ẹ̀yìn dídùn tí iṣẹ́ fi ta á lọ́rẹ látọjọ́ pípẹ́. Wọn ò tíì nu ẹnu òkú tán tí ẹnu àwọn alààyè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ikú yìí kì í ṣe ojú lásán." Aláṣọ, obìnrin tó ń ta aṣọ ní ilé kejì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ká ọwọ́ lérí, ó sì ń wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí yàrá Màmá Atalẹ̀ wà.

Màmá Atalẹ̀ ni àbúrò ìyá tó bí Bírìkìlà. Ìyá náà kú nígbà tí Bírìkìlà àti àbúrò rẹ̀, Dírẹ́bà, ṣì kéré, arúgbó yìí ló gbà wọ́n tọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Fún ẹni tó bá ń wá àjẹ́ kiri, ìyẹn ti tó. Wọ́n ní ó ti jẹ àwọn ọmọ tirẹ̀ tán sínú ikùn, ó wá kọjú sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ ń fi èékánná yọ ẹran nínú eyín bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì tún gbé ẹran náà mì.

Iṣẹ́ ọwọ́ arúgbó náà ló fún un lórúkọ. Ẹni tí òtútù bá mú, á lọ atalẹ̀ àti aáyù fún un, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á fi oyin pò ó mọ́ omi gbígbóná. Ẹni tí imú rẹ̀ dí, á ní kó tẹrí ba sórí abọ́ omi tó ń hó, á fi aṣọ bò ó, kó máa fa ooru rẹ̀ símú. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn, omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kó fi yọ ọ̀fun, kó tu ú dànù. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀yìn, orúnkún àti èjìká, ó ní òróró kan nínú ìgò. Ó rẹ ata gbígbẹ sínú rẹ̀, ó fọ́ káfúrà púpọ̀ sí i, ó sì bu kẹrosíìnì lé e. Òórùn rẹ̀ lè jí ẹni tó dákú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tó bá gbà á létí: "Ìfipara ni o. Kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu."

Orí páànù ló ń sá ata rẹ̀ sí. Àwọn ẹyẹ a máa wá ṣa á jẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí ata kì í ta ẹyẹ. Ata náà pọ́n rẹ́rẹ́, ojú tó fọ́ nìkan ni kò lè rí i. Àwọn aládùúgbò kò rí ata, ẹyẹ ni wọ́n rí.

"Ìpàdé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn," Tíṣà sọ. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́. "Ẹ wo dúdú tó dá dúró yẹn. Òun ni alága wọn."

Ìpàdé kan sì wà lóòótọ́. Tí oòrùn bá ti wọ̀, tí ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ẹnì kan á da aṣọ borí, á fara pa mọ́ ògiri, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé sí yàrá arúgbó náà láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Aláṣọ ni. Ó ká aṣọ sókè, ó na orúnkún wíwú síwájú ẹni tó pè ní apààyàn láàárọ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ yìí ò tíì gbádùn ni?"

"Ó fẹ́ pa mí, Màmá. Ẹ fọwọ́ líle bá mi ra á."

Màmá Atalẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀, ojú rẹ̀ wú, síbẹ̀ ó da òróró sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra orúnkún náà. Bí Aláṣọ ṣe ń jáde ló kọ lu Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà da aṣọ borí, ó di ìbàdí mú. Wọn ò kí ara wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún pàdé níwájú ilé, wọ́n jọ ka ẹyẹ. Tí ẹran bá kú tó ń rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èèyàn lè di imú kọjá. Irú òórùn tiwọn yìí ńkọ́, kí lèèyàn fẹ́ dì sí?

Ṣùgbọ́n ẹnu tó mú jù lọ, inú ilé ló wà. Onídìrí, ìyàwó Bírìkìlà, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò, ẹ̀gbẹ́ ilé ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù náà ti ń dá. Àwọn oníbàárà tó máa ń jókòó kún bẹ́ǹṣì ti ń gba ibòmíràn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sìnkú tán, ó kọrí sí ẹ̀yìnkùlé tààrà.

"Màmá, ẹ kó ẹrù yín. Ẹ jáde nílé ọkọ mi!"

"Ilé ọmọ mi ni, ìyàwó."

"Ọmọ yín dà? Ẹ ti jẹ ẹ́ tán, ẹ fẹ́ máa fi yàrá rẹ̀ ta eyín?"

Dírẹ́bà sáré dé láti ìta. "Ìyàwó wa, ẹnu yẹn ti ń gùn jù."

"Bọ̀dá, ẹ má dá sí i! Kí ọkọ mi tó kú ni ṣọ́ọ̀bù mi ti dá páropáro. Ta ló lé àwọn oníbàárà mi? Ta ló ń kó ẹyẹ jọ sórí páànù wa?"

"Ata ni wọ́n ń jẹ."

"Èèyàn ni wọ́n ń jẹ!"

Àwọn tó ti pé jọ sẹ́nu géètì hó yè. Wọ́n ní kí wọ́n pe Aríran, wòlíì àdúgbò. Tó bá sọ pé ọwọ́ arúgbó náà mọ́, kó dúró. Tí kò bá mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni yóò jáde. Màmá Atalẹ̀ kò bá wọn jiyàn. Ó ń wo yàrá rẹ̀ yí ká, bẹ́ẹ̀dì, kọ́ńbódù, àti fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ògiri. Kò ní ilé mìíràn láyé, kò sì sí ìbátan kankan tó ṣẹ́kù fún un àfi Dírẹ́bà, tó ń sun inú ọkọ̀ ju inú ilé lọ.

"Níbo ni wọ́n fẹ́ kí n gbà lọ?" ó bi í.

"Ẹ ò ní lọ síbì kankan," Dírẹ́bà dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò fi ibì kankan le.

Wọ́n kó Màmá Atalẹ̀ àti ìgò òróró rẹ̀ wá sí pálọ̀ kí Aríran tó dé. Aṣọ funfun ló wọ̀, àmọ́ ọrùn aṣọ náà ti di àwọ̀ ilẹ̀. Òtútù ti mú òun alára, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń hó láyà rẹ̀ bó ṣe ń mí. Ó fi etí aṣọ nu imú, ó wo ohun tó nù, ó wá fi ọwọ́ kan náà gbé ìgò òróró lórí tábìlì. Àwọn èèyàn dákẹ́ bí ìgbà tí áńgẹ́lì bá wọlé. Ìríra gbáà ni.

"Mo rí i," ó ní. "Nínú ìgò yìí ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù oògùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè. Kó mu ún."

"A kì í mu ún," Màmá Atalẹ̀ dáhùn. "Ìfipara ni. Gbogbo yín lẹ mọ̀."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Ohùn Aláṣọ ló ga jù. Òróró ìrọ̀lẹ́ àná ṣì ń dán lórúnkún rẹ̀. Tíṣà mi orí, ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé èèyàn ń sá fún oògùn ara rẹ̀.

"Irọ́ ni!" Onídìrí náà ké. "Kí ló dé tí ẹ ò lè mu ún?"

Màmá Atalẹ̀ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tí mo bá mu ún, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n dúró sí yàrá mi?"

"Tẹ́ ẹ bá mu ún tí ẹ ò kú," Aríran sọ.

Arúgbó náà gbé ìgò, ó ṣí i. Onídìrí kọjú sí ògiri. Ìgò ti kan ètè Màmá Atalẹ̀ kí Dírẹ́bà tó já a gbà.

"Ẹ gbé e fún mi, Màmá. Àtìgbà tí mo ti ń wakọ̀ ni mo ti ń fi para. Ohun tí ò pa mí níta, inú ni yóò ti pa mí? Ẹ jẹ́ kí n mu ún, kí gbogbo wọn máa lọ sílé."

"Ọmọ mi, má ṣe é." Màmá Atalẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò lágbára tó fi lè dá a dúró. Dírẹ́bà da orí sẹ́yìn.

"Ẹ má mu ún, Bọ̀dá!"

Onídìrí ló yíjú padà, tó fò síwájú. Ó gbá ìgò náà dànù, ó fọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òórùn káfúrà àti kẹrosíìnì bo gbogbo pálọ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Kí ló dé?" Dírẹ́bà bi í.

"Ó máa pa yín."

"Màmá sọ ọ́, o ní irọ́ ni. Màmá gbé e dé ẹnu, o kọjú sí ògiri. Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ó máa pa mí?"

Onídìrí ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Mi ò lè máa ra á mọ́," ó ní. "Alaalẹ́ ni mò ń bá ọkọ mi ra ẹ̀yìn. Mo fi ọṣẹ fọwọ́, mo fi ọsàn fọ̀ ọ́, òórùn yẹn kì í lọ. Tí mo bá ti kìwọ́ bọ irun oníbàárà, á di imú. Wọn kì í sọ nǹkan kan, wọn ò kàn ní wá mọ́. Ó ń rí mi lára. Mo wá da òróró náà mọ́ omi atalẹ̀ tí Màmá sè fún ikọ́ rẹ̀. Mo rò pé tó bá gba inú lọ, á tètè yá, á wo ẹ̀yìn, á wo òtútù pọ̀. Gìrì mú un, mo rò pé òtútù ló ń jáde lára rẹ̀. Mo bò ó láṣọ, mo wọlé lọ sùn."

Aríran tu itọ́ sínú aṣọ rẹ̀, ó ní òun ti rí i tẹ́lẹ̀. Dírẹ́bà ní kó jáde kí òun tó fọ́ ọ lẹ́nu. Aláṣọ àti Tíṣà ti jáde ṣáájú rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tí orúnkún àti ìbàdí ń dùn lálaalẹ́ yá nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Màmá Atalẹ̀ nìkan ni kò yí ojú kúrò lára ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ó mu ún tán?"

"Ó mu ún tán."

"Kò sọ pé ó korò?"

"Ó sọ ọ́, Màmá. Ó tu ẹnu àkọ́kọ́ dànù. Mo wá ní ẹ̀yin lẹ ní kó mu ún bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá sọ?"

Onídìrí bú sẹ́kún. "Ó ní tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní kóun mu ún, kò lè burú. Ó di imú, ó gbé e mì."

Màmá Atalẹ̀ jókòó sílẹ̀ láàárín ìgò tó fọ́, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fa òun dìde.