Ìhà Tí Irun Àrán Dà Sí

"Ta ni ó yàwòrán yìí?"

"Kí ló dé, Ọ̀gá? Ṣé kò dára ni?"

"Ta ló kọ́ ọ láti máa fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè?"

"Ṣé ọrùn rẹ̀ ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, àbí apá rẹ̀?"

"Ṣé o rí bí ọrùn aṣọ náà ṣe ṣí bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀? Ṣé ìwọ gan-an ni ó yà á?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́, Ọ̀gá?"

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí ó pààlà sáàárín yàrá ìránṣọ àti yàrá ìlọṣọ, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan gbé áyọ́ọ̀nù dúró, kò gbé e kalẹ̀, kò sì fi lọ aṣọ mọ́. Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é, òun ni ó sì yàwòrán tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni ó yà á kí ọrùn rẹ̀ tó ṣí bí ó ti fẹ́. Ẹni tí ó ń dá Ọ̀gá lóhùn lọ́hùn-ún yẹn ni Ẹlẹ́rìn-ín, akẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́, ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọjọ́ tí ètè rẹ̀ méjèèjì pàdé.

Ọ̀gá ni aránṣọ tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ayàwòrán ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó gba ọmọ náà sẹ́nu iṣẹ́ ni ó ti là á yé e pé, "Nílé, ọmọ àbúrò mi ni ọ́. Níbí, ọmọ iṣẹ́ ni ọ́. Má gbé ẹjọ́ ẹbí wá bá mi níbí o."

Àwòrán náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nọ́ọ̀sì kan tí yóò fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì ni ó gbé aṣọ àrán pupa kan wá, èyí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú. Ọ̀gá ní kí àwọn ọmọ méjèèjì ya ohun tí yóò yẹ ẹ́. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá wu nọ́ọ̀sì ni yóò gé aṣọ náà; òun náà ni Ọ̀gá yóò kọ lẹ́tà fún sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà aṣọ, níbi tí wọn kì í ti í gba ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá jẹ́rìí sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni Ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ lọ́dún. Ayàwòrán fi àwòrán rẹ̀ sábẹ́ ìwé ìdíwọ̀n lórí tábìlì. Ẹlẹ́rìn-ín ni ó fà á yọ.

Nígbà tí Ọ̀gá jáde, Ayàwòrán ká ìkélé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O jí àwòrán mi."

"Ta ló jí nǹkan? Ṣé o gbọ́ kí n sọ pé èmi ni mo yà á?"

"O jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀."

"Ohun tó bá wu àgbàlagbà ló lè gbà." Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. "Ayàwòrán, ojoojúmọ́ lo ń yàwòrán bí adìẹ tó ń yé. Kí ni ẹyin kan ṣoṣo nínú rẹ̀?"

"Màá sọ fún Ọ̀gá."

"Sọ ọ́ ná. Àbí kí n bá ẹ sọ ọ́? 'Ọ̀gá, ẹ wá o, ọmọ àbúrò yín ń sunkún.'"

Ìwé ìyàwòrán Ayàwòrán wà nínú báàgì rẹ̀. Àwòrán mẹ́fà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ọ̀kan ń tọ èkejì lẹ́yìn, ọjọ́ tí ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà ní igun ìwé. Bí ó bá gbé e síwájú Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí kí omi tó hó. Kò gbé e. Ẹ̀rí a máa dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n kì í fi dandan mú ẹlẹ́ṣẹ̀ sunkún. Ẹkún Ẹlẹ́rìn-ín sì ni ó ń wù ú láti gbọ́.

"Rẹ́rìn-ín," ni ó wí nínú ọkàn rẹ̀. "Rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi ni n óò pa ètè yẹn dé."

Aṣọ àrán ní irun. Bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ sísàlẹ̀, yóò jọ̀lọ̀. Bí a bá pa á lọ sókè, yóò ta ko ọwọ́. Ẹni tí ó bá gé abala kan kí irun rẹ̀ dà sísàlẹ̀, tí ó sì gé abala kejì kí tirẹ̀ dà sókè, aṣọ aláwọ̀ kan yóò di aláwọ̀ méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ni Ọ̀gá fi ṣe òfin kan: òun fúnra rẹ̀ ni yóò to bébà ìgéṣọ, àpẹẹrẹ abala aṣọ kọ̀ọ̀kan, sórí àrán, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa aṣọ náà lábẹ́ bébà kọ̀ọ̀kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì mú àwòrán tí Ẹlẹ́rìn-ín fà yọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá tẹ́ àrán náà sórí tábìlì. Iwájú, ẹ̀yìn, apá méjèèjì, ọrùn: ó tò wọ́n, ó fi pínnì dè wọ́n, ó fi ojú wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní òun ń lọ mú òwú ní òdìkejì títì. Ẹlẹ́rìn-ín lọ fọ ọwọ́, nítorí àrán kò fẹ́ràn òróró. Ó wá ku Ayàwòrán nìkan.

Pínnì mẹ́jọ ni ó di bébà ẹ̀yìn mú. Ó yọ wọ́n. Ó gbé orí bébà náà lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá síbi orí, ó sì tún fi pínnì mẹ́jọ náà dè é padà. Kò gba ju àkókò tí a fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹlẹ́rìn-ín wọlé, ó ń nu ọwọ́. "Kí lò ń wò bí ẹni tí wọ́n jí ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ?"

"Aṣọ ni mò ń wò."

"Ó yẹ kó o wò ó. Wá di etí rẹ̀ mú fún mi, kó o lè sọ fún ọmọ rẹ lọ́la pé ìwọ náà wà ńbẹ̀."

"Ṣé o ò ní fi ọwọ́ pa á ni?" Ìbéèrè náà bọ́ lẹ́nu Ayàwòrán kí ó tó mọ̀.

"Ọ̀gá fúnra wọn tò ó, ìwọ wá ní kí n máa yẹ iṣẹ́ wọn wò? Ìgbà wo lo di ọ̀gá Ọ̀gá?"

Ayàwòrán di etí aṣọ náà mú. Àlùmọ́gàjí sì jẹ àrán náà lọ láìdúró.

Òdì aṣọ ni aránṣọ ń rí nígbà tí ó bá ń fi ẹ̀rọ rán án, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fura títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì wá wọ̀ ọ́ wò. Ó dúró níwájú dígí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Iwájú aṣọ náà ń dán bí ẹ̀yinná. Ó yíjú padà láti wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn dúdú bí ẹ̀yinná tí wọ́n bu omi pa.

"Ẹ̀yin aránṣọ, ṣé aṣọ méjì lẹ fi rán an ni?"

"Aṣọ kan ni," ni Ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kí ló wá dé tí iwájú mi ń yọ̀, tí ẹ̀yìn mi ń ṣọ̀fọ̀?"

Ọ̀gá fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn aṣọ náà lọ sísàlẹ̀; ó ta ko ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ṣẹ́ kù?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Kò ku èyí tó lè bo ìka."

Nọ́ọ̀sì bọ́ aṣọ náà, ó sì ká a dáadáa bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. "Ìyá mi ò wọ̀ ọ́ rí. Wọ́n ní àwọn ń dúró de ọjọ́ tó dára. Èmi náà wá dúró. Ẹ má da ara yín láàmú, màá wọ yunifọ́ọ̀mù mi." Kò bú ẹnikẹ́ni. Ì bá kúkú bú wọn.

Nígbà tí ó lọ tán, Ọ̀gá jókòó sórí àpótí, ó pe àwọn ọmọ méjèèjì síwájú.

"Ta ló yí bébà ẹ̀yìn padà?"

"Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe gé e, Ọ̀gá," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Ṣé o fi ọwọ́ pa á?"

Ẹlẹ́rìn-ín wo ilẹ̀.

"Mo ní, ṣé o fi ọwọ́ pa á?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Ayàwòrán, ìwọ ńkọ́? Ṣé o fọwọ́ kan bébà yẹn?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, Ọ̀gá."

"Ẹlẹ́rìn-ín, kó ẹrù rẹ. Ẹni tí kò lè fi ọwọ́ pa aṣọ aláṣọ kò lè gé e ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lẹ́tà ti di ti Ayàwòrán."

Ètè Ẹlẹ́rìn-ín pàdé. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́kún, ẹkún tòótọ́, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ayàwòrán ń wò ó. Ó dùn mọ́ ọn bí oyin. Ó rìn lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń tún ẹkún náà gbọ́ létí bí orin tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Oyin náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó bá Ọ̀gá nídìí tábìlì tí ó ń fi ọwọ́ pa àrán dúdú kan tí oníbàárà mìíràn gbé wá.

"Ọ̀gá, ẹ ti pa á lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Ṣé ó dà sísàlẹ̀?"

"Ó dà sísàlẹ̀."

"Wá bá mi pa á. Ọwọ́ mi ti ń parọ́ fún mi."

Ayàwòrán pa á. Ó dà sísàlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà náà dé, Ọ̀gá ti ká àrán rẹ̀ sínú ọ̀rá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tó wà níwájú. Èmi ò gé àrán mọ́."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ lè gé àrán lójú oorun?"

"Bóyá ojú oorun náà ni mo ti ń gé e láti ọjọ́ yìí."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, kì í ṣe ẹ̀bi yín," ni Ayàwòrán wí nígbà tí ó ku àwọn méjì.

"Ẹ̀bi ta wá ni? Ọ̀lẹ ni Ẹlẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Kò pa aṣọ. Ṣùgbọ́n kí ló máa rí jẹ nínú kó ba ohun tó ń wá lẹ́tà fún jẹ́? Bí kì í bá ṣe òun, tí kì í sì í ṣe ìwọ, èmi ló kù. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́, Ọ̀gá."

Ọ̀gá tún bi í lọ́jọ́ kejì, ó tún ní òun kọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Ọ̀gá kò bi í mọ́. Ara rẹ̀ ni ó ń bi. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹlẹ́rìn-ín ni Ayàwòrán sọ òkò sí. Ọwọ́ tí ó kọ́ òun gan-an bí a ti ń di àlùmọ́gàjí mú ni ó lọ bà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ẹlẹ́rìn-ín wọlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Búrẹ́dì ni ìyá náà ń ṣe tà nílé. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀, ó hàn pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti pè é. Ọ̀gá ni ó ránṣẹ́ sí wọn. Lẹ́tà Ayàwòrán sí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá oníbúrẹ́dì wí, ojú rẹ̀ le. "Ẹ lé ọmọ mi, ẹ tún ní ká wá. Kí ló tún bàjẹ́?"

"Ojú mi ni," ni Ọ̀gá wí. "Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Èmi ni mo to bébà yẹn, bí ó bá sì yí, ọwọ́ mi ló yí i. Mo lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí àṣìṣe tèmi. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń gé àrán, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ojú kì í sọ fún ènìyàn lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ dẹ̀yìn, ìyá ọmọ." Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún rẹ̀ wálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dìde!" ni Ẹlẹ́rìn-ín kígbe. "Èmi ni mi ò pa á."

"Ọ̀gá, ẹ má kúnlẹ̀," ni Ayàwòrán wí pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀gá dúró láàárín méjì, kò dìde, kò sì kúnlẹ̀. Ayàwòrán ni ó ń wò. "Kí ló dé tí mi ò fi ní kúnlẹ̀?"

Ayàwòrán wo orúnkún Ọ̀gá, ó sì wo lẹ́tà tí ó wà lórí tábìlì.

"Mo bi ọ́ léèrè, ọmọ mi. Ta ló yí bébà ẹ̀yìn padà?"

"Òun ló kọ́kọ́ jí àwòrán mi" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Òtítọ́ ni. Bí ó bá ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pẹ̀lú ìwé tí ó wà nínú báàgì rẹ̀, Ọ̀gá ì bá gbà á gbọ́, lẹ́tà ì bá jẹ́ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ì bá sì fi àrán ìyá rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Bí ó bá sọ ọ́ nísinsìnyí, àwáwí olè tí ọwọ́ tẹ̀ ni yóò jọ. Ó yé e wàyí, ó sì yé e pátápátá: ẹni tí a rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá fi ẹ̀tọ́ náà gbẹ̀san ni ó di ẹlẹ́bi, ohun tí ó gbòòrò ju ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ lọ ni ẹ̀san rẹ̀ yóò sì bà jẹ́. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, pínnì ni ó mú.

Ó fi ìka ti lẹ́tà náà kúrò níwájú ara rẹ̀.

"Èmi ni, Ọ̀gá," ni ó wí. "Èmi ni mo yí i padà."