Ṣúgà Tí Ẹ̀fọn Gbé Wá

Orí ògiri ilé ẹ̀kọ́ ni Idir ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà. Ó dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ òkè ń fa ìbòrí aláwọ̀ ìyeyè orí rẹ̀, ó sì ń bá àwọn àgbà ọkùnrin abúlé wí bí ẹni ń bá ewúrẹ́ tó wọ oko wí.

Ẹ̀jẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Idir àti ọkọ̀ àwọn oníṣègùn ti Agadir, ìlú ńlá etí òkun, gun òkè wá láti gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó ní àrùn ṣúgà, àwọn àgbà sì fàáké kọ́rí. Wọ́n ní àwọn ará ìlú ńlá fẹ́ lọ ta ẹ̀jẹ̀ àwọn ni. Ọmọbìnrin náà bẹ́ sílẹ̀ lórí ògiri, ó wá jókòó síwájú Idir, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè níṣojú gbogbo wọn.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Ẹ̀fọn ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àwọn bàbá wọ̀nyí lálaalẹ́, wọn ò bá a jà."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Idir wá iṣan, ó rí i, ó gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì ní kó tẹ òwú mọ́ ojú abẹ́rẹ́. Tuda ni orúkọ rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn bàbá náà ti ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ń tì wọ́n díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo abúlé ti ń pe Idir ní Ẹ̀fọn.

Iṣẹ́ gidi ni ẹ̀fọn yìí ń ṣe o. Àrùn ṣúgà a máa jẹ ojú láti inú, olójú kò sì ní mọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ẹyinjú wà ní Agadir, kò ṣeé gbé gun òkè. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣeé gbé sọ̀kalẹ̀ nínú kúlà oníyìnyín. Àwọn ọ̀gá Idir nílé àyẹ̀wò ń wá àwọn àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa tú àṣírí ojú tó ti ń bàjẹ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kó tètè wá bá dókítà.

Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé èyí fún Tuda. Àrùn náà ti fọ́ ìyá rẹ̀ lójú, òun náà sì ti ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ láti kékeré.

Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá tún gòkè, Tuda a gbé búrẹ́dì gbígbóná àti òróró èso igi àgánì wá fún un, a sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ìlú ńlá Kasablanka kò mọ àgbò yàtọ̀ sí òbúkọ. Idir náà a máa palẹ̀ ẹrù mọ́ bí ìgbín, títí awakọ̀ yóò fi fun fèrè mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fọ́ èso álímọ́ńdì lábẹ́ igi, ó bi í léèrè ìdí tí kò fi tíì lọ́kọ.

"Ẹnì kan wá," Tuda ní. "Ó gbọ́ pé mo ní ṣúgà, ló bá rántí pé ìbaaka òun ń ṣàìsàn. Ta ló ń fowó ra ìkòkò tó ti sán?"

"Ìkòkò wo ló ń ti orí ògiri bá àgbà wí?"

Tuda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Idir ti kó sínú ìfẹ́ dé ọrùn nígbà náà, àmọ́ ojo ni ọkùnrin náà nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbé e mì.

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá rẹ̀ pè é sílé àyẹ̀wò. Àmì náà ti fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀ Tuda, ó sì lágbára. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún un kíá. Idir ní òun á lọ.

Ìyá Idir ti kọ́ ọ pé a kì í wọlé ará òkè lọ́wọ́ òfo, ṣúgà olórí ṣóńṣó tí wọ́n wé sínú bébà búlúù ni wọ́n ń gbé. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó gbàgbé láti fi kún un ni pé àpọ́n tó bá gbé ṣúgà méjì wọ ilé tí omidan wà, tó sì wọ aṣọ tó mọ́, ti sọ ohun tó bá wá kó tó lanu.

Bí Idir ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé Tuda, Àǹtí Ijja, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà, rí ṣúgà méjì tó gbé sápá, ló bá ké igbe ayọ̀ tí wọ́n ń ké níbi ìgbéyàwó. Àwọn aládùúgbò gbè é láti orí òrùlé. Baba Bihi, bàbá Tuda, gba ṣúgà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Tuda ló bu tíì. Kò wo Idir, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kó lè pa ẹnu dé. Bí Idir bá ní kì í ṣe ohun tí wọ́n rò, ó dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá dákẹ́, ojú tó ń dán yìí á máa bàjẹ́ lọ. Ó mu tíì, ó tún mu òmíràn. Nígbà tó yá, ó tọrọ ààyè láti bá Tuda sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá.

"Àmì náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, Tuda. Dókítà ojú gbọ́dọ̀ rí ọ lọ́sẹ̀ yìí."

Ẹ̀rín náà kúrò díẹ̀díẹ̀. "Ohun tó gbé ọ wá nìyẹn?"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"Ṣúgà ńkọ́?"

"Ìyá mi ló ní kí n má wá lọ́wọ́ òfo."

Ẹyin lohùn, tèyí sì ti fọ́ kí Idir tó mọ̀. Tuda mi orí. Ó ní òun á lọ sí Agadir nítorí ìyá òun, tí kò rí ẹni sọ fún un lásìkò.

"Gbé ṣúgà rẹ dání tí o bá ń lọ, Ẹ̀fọn," ó ní. "Èyí tó wà lára mi tó mi." Ó wọ yàrá lọ bá ìyá rẹ̀, kò sì jáde mọ́.

Baba Bihi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú bí i, torí ó ti sunkún níṣojú àdúgbò. "Ṣúgà náà ló wà lórí pẹpẹ yẹn," ó sọ. "Bí o bá gbé e, mo gbọ́ pé o ò wá tọrọ ọmọ mi. Bí o bá fi í sílẹ̀, mo gbọ́ ìyẹn náà."

Idir wo pẹpẹ. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Tuda àti Àǹtí Ijja dé Agadir, Idir sì lọ pàdé wọn níbùdókọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò parọ́. Àwọn iṣan tín-ín-rín inú ojú rẹ̀ ti ń jò, dókítà sì fi iná ẹ̀rọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú dí wọn. Ó ní wọ́n tètè dé. Bí Tuda bá ń ṣọ́ ṣúgà ara rẹ̀, tó sì ń padà wá fún àyẹ̀wò, òun nírètí pé kò ní fọ́jú, ṣùgbọ́n òun ò lè búra.

Oògùn tí wọ́n kán sí Tuda lójú fún àyẹ̀wò kò tíì lọ. Gbogbo ayé funfun báláú níwájú rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ògiri kúkurú létí òkun, Àǹtí Ijja sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ń fi eyín fọ́ hóró òdòdó-oòrùn jẹ, etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn pátápátá.

"Láti kékeré ni mo ti fẹ́ rí òkun," Tuda ní. "Sọ bó ṣe rí fún mi."

Idir wá ọ̀rọ̀ títí. "Ó fẹ̀. Ó láwọ̀ búlúù. Ọkùnrin kan ń sáré tẹ̀lé ajá tó sanra."

"Bí wàá ṣe máa ṣàpèjúwe ayé fún mi nìyẹn tí mo bá fọ́jú? Mo gbé."

"Màá kọ́ bí a ṣe ń ṣe é."

"Má fi àánú tàn mí, Idir." Tuda kò pe orúkọ yẹn rí. "Igbe Àǹtí Ijja ló mú ọ bí pańpẹ́ ṣe ń mú ẹyẹ. O ò wá lè gbé ṣúgà lójú bàbá tó ti sunkún."

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni ǹ bá sọ lẹ́nu ọ̀nà, igbe yẹn ì bá ti dáwọ́ dúró. Mi ò sọ ọ́. Mo jókòó, mò ń mu tíì. Ó dùn mọ́ mi pé gbogbo ilé gbà pé tèmi ni ọ́, mo fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Tuda. Bí o ríran, bí o ò ríran, ìwọ ni mo fẹ́."

Tuda yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti ń bọ̀. "Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà," ó ní, "mi ò sì rí tìrẹ báyìí. Tún un sọ."

Idir tún un sọ. Lẹ́yìn wọn, Àǹtí Ijja kò fọ́ hóró mọ́.

"Ohùn rẹ gbọ̀n," Tuda sọ.

"Ó gbọ̀n."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mú àwọn òbí rẹ wá bá bàbá mi lẹ́yìn ìkórè álímọ́ńdì."

Àǹtí Ijja ló ṣáájú Idir dáhùn, ó ní àwọn á máa retí wọn, ó sì na hóró ẹ̀kúnwọ́ kan sí ọkọ ìyàwó.

Wọ́n jókòó títí oògùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú Tuda. Àwọ̀ ló kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn náà ni àwọn nǹkan wá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkun tó ti ń fẹ́ rí láti kékeré wà níwájú rẹ̀, ó fẹ̀, ó sì láwọ̀ búlúù bí Idir ti wí. Tuda kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo Idir.