Ìka Mẹ́ta ní Ẹnu Àjà

"Kò wọlé o!" Qàwíyyàt dúró lórí tábìlì, orí rẹ̀ wà nínú àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú yàrá.

"Kí ni kò wọlé?" Ọmọpẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ló di ìdí àkàbà mú nísàlẹ̀.

"Àkàbà yìí. Ó fi ìka mẹ́ta fẹ̀ ju ẹnu àjà lọ."

Àkàbà onígi tó ń ká sí mẹ́ta ni. Ọmọ Ìyá Wàlíyátù, ìyá àgbà tó ni ilé náà, ló fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn, kí wọ́n kàn án mọ́ ẹnu àjà, kí ìyá rẹ̀ lè jáwọ́ nínú gígun àga tí a gbé ka orí tábìlì. Lọ́dún tó kọjá, ìyá náà já bọ́ lórí àga ọ̀hún. Láti ìgbà náà, kò tíì fojú kan àpótí tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ lókè. Ilé àtijọ́ nilé náà, ní Èjìgbò. Àwọn tó kọ́ ọ fi ẹnu àjà há sáàárín igi méjì tó gbé òrùlé ró, kí olè má baà ríbi gbà.

Wàsíù káfíńtà, bàbá Qàwíyyàt, ni wọ́n gbéṣẹ́ fún, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti gbé e ṣubú, apá rẹ̀ kán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Qàwíyyàt, ó sì ti pẹ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ní, "Obìnrin wo ní í gun òrùlé?" Wàsíù a ní kó máa gùn ún lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó na ayùn ara rẹ̀ sí ọmọ náà.

"Lọ dá a ṣe. Bó o bá ṣe é dáadáa, ìwọ ni màá máa rán níṣẹ́ ní gbogbo àsìkò ìsinmi yìí. Bó o bá bà á jẹ́, màá gba ayùn mi."

Ìdí nìyẹn tí ìka mẹ́ta fi di òkè ńlá.

"Fá igi ọwọ́ òsì yẹn díẹ̀, jàre," ni Ọmọpẹ́ wí. "Ta ló fẹ́ gòkè wá wò ó? Alángbá?"

"Igi tó gbé òrùlé ró ni!"

"Ó dáa, tú ọ̀pá àtẹ̀gùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kó o máa gé wọn kúrú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀la lo máa ṣe é dé. Àwọn ọkùnrin kíláàsì wa sì ti ń ta tẹ́tẹ́ pé o ò lè parí ẹ̀ lónìí. Káfíńtà orí ahọ́n!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á lára. Ìyá Wàlíyátù ń kírun Àsárì ní yàrá kejì. Qàwíyyàt fi ayùn lé igi. Ayùn wọlé ní ìka kan, ó wọlé ní ìka méjì. Lójijì, igi náà dún kà! Erùpẹ̀ já bọ́ sí i lójú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rí i pé òun ti dá ọgbẹ́ sí ọrùn ẹni tó ru ilé.

"Po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun pákó, kó o fi dí i," ni Ọmọpẹ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó dí i. Ó fi eruku pa á lára. Ojú lásán kò lè rí i mọ́.

Ìyá Wàlíyátù jáde tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki Qàwíyyàt ní oríkì rẹ̀:

"Àṣàkẹ́, ọmọ Wàsíù!
Ọmọ ayùn tí í sọ òtítọ́ fún pákó.
Bàbá rẹ kan ibùsùn mi lógún ọdún sẹ́yìn,
Kò mì, kò dún títí dòní.
Iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ a dà bí iwájú rẹ̀."

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn gún ọmọ náà lọ́kàn. Omijé bọ́.

"Dúsúmáà, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. Bó ṣe máa ń fi Faransé Àbíjàn sọ pé kéèyàn rọra nìyẹn. "Kí ló dé?"

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì mí mọ́. Mo ti fi ayùn gé igi yín. Gọ́ọ̀mù ni mo fi dí i."

"Háà, Qàwíyyàt!" Ọmọpẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá náà súnmọ́ ibẹ̀. Ó wo igi, ó wo ibùsùn rẹ̀ tó wà lábẹ́ igi náà gan-an.

"Alhamdulilahi. Ọlọ́run tó fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu kí igi tó bọ́ sí mi lórí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Lọ pe bàbá rẹ."

Wàsíù dé, wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ tó kán kọ́ ọrùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò jágbe. Ó kàn gba ayùn rẹ̀, ó gbé e há abíyá, ìyẹn sì dun ọmọ náà ju ẹgba lọ.

"Fìlà là ń rán mọ́ orí," ni Wàsíù wí. "A kì í gbẹ́ orí mọ́ fìlà. Lọ wá ayùn ẹlòmíì yá, kó o tún un ṣe."

Òru méjì ni Ìyá Wàlíyátù fi sùn lọ́dọ̀ Fàsílátù, aládùúgbò rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Qàwíyyàt fi ṣiṣẹ́, ayùn kékeré tó yá ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi pákó líle méjì gbá igi tó gé náà mọ́ra lọ́tùn-ún lósì, ó fi bóòtù onírin dè é pinpin. Ó tú ọ̀pá àtẹ̀gùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó gé wọn kúrú, ó sì tò wọ́n padà. Ọmọpẹ́ tó yọ ṣùtì sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ń bá a di pákó mú.

"Ká kun pákó méjì yìí lọ́dà," ni Ọmọpẹ́ wí, "kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀."

"Rárá. Jẹ́ kó hàn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n kan àkàbà mọ́ ẹnu àjà, wọ́n fa okùn rẹ̀. Àkàbà náà sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ìyá Wàlíyátù gùn ún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, "Bìsìmílááì, bìsìmílááì," títí orí rẹ̀ fi wọ àjà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, fìlà ọkọ rẹ̀ tó mú nínú àpótí ló gbá mọ́ àyà. Wàsíù wo pákó méjì tí a kò kùn lọ́dà. Ó yọ ayùn ní abíyá, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Wàlíyátù bá rí Qàwíyyàt lọ́nà ọjà, ìlà kan wà tó fi kún oríkì rẹ̀: "Ọmọ a-gégi-ilé-onílé-tó-sì-jẹ́wọ́!" Ẹ̀rín a sọ, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ló ń wá a kiri báyìí pé kó wá ṣe àjà fún àwọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìṣe kì í pa orúkọ. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ló ń pa á. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi gọ́ọ̀mù dí ohun tó yẹ ká fi ẹnu jẹ́wọ́. Àmín.