Àmì Abẹ́ Ọ̀dà

Ibi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dagẹ̀rẹ́ gan-an ni Má-kánjú ti tẹ búrẹ́kì tí búrẹ́kì kò sì dá a lóhùn. Ó tún un tẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ wọ̀ọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ di nǹkan mú."

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí ẹ di nǹkan mú."

Ìyá Alágbàfọ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ kò bèèrè mọ́. Ẹni tó sọ ọkùnrin náà ní Má-kánjú mọ ohun tó rí. Bí ilé bá ń jó, bàtà rẹ̀ méjèèjì ló máa kọ́kọ́ wá kó tó jáde. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ń sọ̀rọ̀ láìmí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Ó fa búrẹ́kì ọwọ́, ó ń tẹ̀lé e bọ̀ bí okùn tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ó já jíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké. Nígbà tó dé kọ́nà tó yẹ kó yí síárìn, síárìn ti le bí ọlọ. Ó dìde lórí àga, ó fi àyà tì í.

Ògiri ilé kan ń bọ̀ wá pàdé wọn. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn bíríkìlà dà sẹ́bàá ọ̀nà ló gbà wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ya wọ inú rẹ̀ títí dé ojú fèrèsé, àwọn ìdì aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń gbé lọ sì ya lù wọ́n láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan dákẹ́.

"Ṣé ẹ ṣì wà?" Má-kánjú bèèrè.

"Mi ò tíì mọ̀."

Ó wà. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wú. Àwọn ará àdúgbò sáré jáde, wọ́n fà wọ́n yọ, wọ́n ń dúpẹ́ bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jábọ́ láti orí igi tí kò kú, ẹ̀ka tó ṣẹ́ ló ń wò. Má-kánjú lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Másítà búrẹ́kì tuntun, pọ́ǹpù síárìn tuntun, bẹ́líìtì tuntun ló ní òun fi sí i. Ohun gbogbo dúdú, ó ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpara pa. Nígbà tí Má-kánjú ní kó wọlé kí wọ́n jọ gùn ún wò, bí mẹkáníìkì gidi ti máa ń ṣe kó tó fi kọ́kọ́rọ́ léni lọ́wọ́, ó di orúnkún mú. "Orúnkún yìí kì í jẹ́ kí n jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ máa lọ. Ọwọ́ mi kò lè purọ́ fún yín."

Òróró búrẹ́kì tó yẹ kí másítà náà máa tì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti jò sára rẹ̀ báyìí. Ọ̀tá ọ̀dà sì ni òróró yìí. Ibi tó bá kán sí, ọ̀dà á bó níbẹ̀ bí awọ ejò. Ọ̀dà dúdú náà ti ń ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ìyá Alágbàfọ̀ fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, irin àtijọ́ yọjú. Lára irin náà, àmì kan wà: ilà méjì lóòró, ọ̀kan ní ìbú.

Kò sí alágbàfọ̀ tí kì í sàmì. Aṣọ funfun jọ ara wọn ju ìbejì lọ, àmì ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n fi ń mọ tẹni. Ti obìnrin yìí ti wá di àìsàn sí i lára. Ó sàmì sí bákẹ́ẹ̀tì, ó sàmì sí àga, ó sàmì sí ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ tí wọ́n jí bátìrì ọkọ̀ náà, ó mú ìṣó, ó fín àmì náà sára gbogbo irin tó ṣe é fín lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Má-kánjú rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí ikùn fi ń dùn ún. "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà rèé. Ẹ fi ọ̀kan sí mi lára, kí wọ́n má jí mi."

Kò rẹ́rìn-ín báyìí. Ó fi èékánná họ ara pọ́ǹpù síárìn. Àmì kan náà ló wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì tó yẹ kó máa yí i ti já, ó gbó, ó sán bí awọ gbígbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó kàn kùn wọ́n lọ́dà ni."

Obìnrin náà yíjú sókè, síbi tí ọ̀nà ti sọ̀kalẹ̀ wá.

"Ọkọ̀ ilé ìwé," ó ní.

Òun fúnra rẹ̀ ló júwe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fún awakọ̀ ilé ìwé. Lánàá, ó fojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ náà níbẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ là kalẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ náà ti kó àwọn ọmọ gòkè lọ wo ọgbà ẹranko, ọmọ rẹ̀ obìnrin àbíkẹ́yìn sì wà lára wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sọ̀kalẹ̀ láti òkè náà, òun ni wọ́n dúró lé yìí.

Ó pe awakọ̀. Fóònù ń dún, kò gbé e. Awakọ̀ yẹn kì í gbé fóònù tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwà rere tí gbogbo òbí fi ń yìn ín wá di ohun tó ń pa ìyá kan láyà.

"Sáré," ó sọ fún àbúrò rẹ̀.

Má-kánjú ti wà lẹ́yìn alùpùpù kan kó tó sọ ọ́ tán. Àwọn èrò gbá tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo gòkè. Ìyá Alágbàfọ̀ pe ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ó wá ku òun nìkan, lórí ìdì aṣọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan yọ láti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ dání, ó ń rìn kíákíá. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni. Kò tiro rárá.

"Màmá, ẹ kú ewu. Wọ́n pè mí. Ẹ jẹ́ kí n tú nǹkan wọ̀nyẹn kí ọkọ̀ má bàa gbiná."

"Kí lo fẹ́ tú?"

"Másítà àti pọ́ǹpù."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́pàá ń bọ̀."

Ó wo ọ̀nà sókè, ó wò ó sí ìsàlẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ó mú sípánà gígùn kan jáde.

"Ẹ̀yin àti àbúrò yín ṣì wà láyé. Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀."

"Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ ilé ìwé. Kí lo ṣe sí i?"

"Tuntun ni mo fi síbẹ̀."

"Bíi tèmi?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Mi ò lu ìyá ẹnikẹ́ni rí. Ẹ má jẹ́ kó ti orí yín bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Síbẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò lọ síbi ọkọ̀, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó fi apá méjèèjì gbá a mú bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ di apá rẹ̀ mú, ó ń fà á. Aṣọ ya. Ó tún fà á. Ìka kan ṣoṣo ló kù tí obìnrin náà fi di etí bọ́nẹ́ẹ̀tì mú nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá yọ láti ìsàlẹ̀.

Kíá, mẹkáníìkì fi apá sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Sájẹ́ǹtì tó bọ́ sílẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wo ọkọ̀, ó wo aṣọ tó ya, ó wo àmì abẹ́ ọ̀dà.

"Ta ló tún ọkọ̀ yìí ṣe?"

"Èmi ni, sà. Eré àsápajúdé ni wọ́n sá."

"Ti ilé ìwé ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Tuntun ni gbogbo rẹ̀. Mo lè búra."

"Má búra. Wọlé."

Wọ́n gbé obìnrin náà sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gòkè. Ní gbogbo ọ̀nà ni etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀: ẹ́ńjìnnì tó ń ké, ọmọ tó ń pe màmá.

Ní ṣóńṣó òkè, ọkọ̀ ilé ìwé dúró. Níwájú táyà rẹ̀, Má-kánjú nà gbalaja sójú ọ̀nà. Awakọ̀ yọ orí láti fèrèsé.

"Ṣé kò sí bẹ́ẹ̀dì nílé yín ni?"

"Ó wà," Má-kánjú ní. "Ibí ló tù mí lára."

Ọmọbìnrin kan fọwọ́ lu gíláàsì. "Màmá, ẹ wo bọ̀ọ̀dá lórí ilẹ̀."

Ìyá Alágbàfọ̀ juwọ́ sí i. Sájẹ́ǹtì kó àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n lọ dúró lábẹ́ igi. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mẹkáníìkì.

"O ní tuntun ni."

"Tuntun ni, sà."

"Ó dáa. Wọlé, wà á sọ̀kalẹ̀ fún wa."

"Orúnkún mi, sà."

"Orúnkún kò dí ọ lọ́wọ́ nígbà tí ò ń fà mí lápá," Ìyá Alágbàfọ̀ sọ.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ náà ti kéré bí ẹ̀kúnwọ́. Òógùn bò ó. Ẹni tó se ọbẹ̀ tí kò jẹ ẹ́, ó mọ ohun tó sè. Lójijì ló ya, ó ki eré mọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Má-kánjú tí kò tíì dìde nílẹ̀ kàn na ẹsẹ̀ kan síta, láìkánjú. Ọkùnrin náà fẹnu gbálẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Kò sí tuntun kankan," ó ń sunkún. "Ọ̀dà ni. Ọ̀dà nìkan ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á."

"Àwọn mìíràn wo ló tún wà?"

"Ọkọ̀ oníbúrẹ́dì. Ọkọ̀ àwọn tó ń gbé omi. Ti gbẹ́nàgbẹ́nà."

"Ṣé ó tán?"

Ó yí ojú, ó wo ọkọ̀ ọlọ́pàá tó gbé wọn wá, ó sì tẹrí ba.

Sájẹ́ǹtì náà wo ọkọ̀ rẹ̀ títí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára rẹ̀, ó fi sápò, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wá òkúta tó fi dí táyà.

"Gbogbo wa," ó ní, "ẹsẹ̀ la ó fi sọ̀kalẹ̀."

Bí wọ́n ṣe tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wálẹ̀ láti orí òkè náà nìyẹn: àwọn ọmọ tó di ọwọ́ ara wọn mú, awakọ̀ tó ń dáhùn ìbéèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan láìyẹ̀, ọlọ́pàá tó ń gbé fóònù létí wá ọkọ̀ oníbúrẹ́dì, àti mẹkáníìkì tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò tiro. Má-kánjú pọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin náà sì di ẹsẹ̀ màmá rẹ̀ tó dára mú bí ẹni di ìdè ewúrẹ́ mú, kò fi í sílẹ̀.

"Ẹ wúwo," Má-kánjú sọ.

"Máa rìn. Rọra."

Ó rọra. Obìnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mú bírò ìsàmì jáde. Ó fa kọ́là àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó sì sàmì sí i lọ́rùn: ilà méjì lóòró, ọ̀kan ní ìbú.