Kò Dúpẹ́ Kó Tó Lọ

Ọjọ́ tí Edelmira kọ́kọ́ fojú kan Nolberto, yìnyín ti bo igbó, ó ti bo odò, ó ti bo ọgbà àgùntàn, ó kù díẹ̀ kó bo ọkùnrin náà pẹ̀lú. Ọ̀sán gangan ló kan ilẹ̀kùn. Irùngbọ̀n rẹ̀ dì gbagidi bí ìgbálẹ̀ àná. Kò sí ẹṣin, kò sí ẹrù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń lọ sí ìlú ni. Ẹṣin mi yọ̀ ṣubú sínú odò."

"Ìlú wo?" ni Edelmira dá a lóhùn. "Ọ̀nà orí òkè ti dí láti àná. Ẹ wọlé kí ẹ tó di ère."

Fidelino, bàbá Edelmira, jókòó ti ààrò onírin, ó ń wúkọ́. Edelmira da omi gbígbóná sórí ewé mátè nínú ahá kékeré, ó ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fà á mu bọ̀ ọ́, ó gbé e fún àlejò. Ọkùnrin náà fà á tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ahá padà.

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó parí. Edelmira rọ ti bàbá rẹ̀, ó rọ tara rẹ̀, ó tún rọ ti bàbá. Ahá ń lọ, ahá ń bọ̀, ó ń fo àlejò dá bí ẹni ń fo kòtò. Ojú Nolberto ń tẹ̀ lé e bí ojú ajá tó ń wo ẹran lẹ́nu olówó rẹ̀. Wákàtí kan kọjá, eyín rẹ̀ ń gbára wọn.

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" ó béèrè nígbà tí ara ò gbà á mọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ṣebí ìwọ lo dúpẹ́."

"Ṣé ọpẹ́ ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Níbí, ẹni tó bá dúpẹ́ mátè ti ní òun yó nìyẹn," ni Edelmira wí. "Ta ni kó máa da omi sẹ́ni tó ti yó lọ́nà ọ̀fun? Ẹni tí òùngbẹ ṣì ń gbẹ, á dákẹ́. Níbo ni wọ́n tiẹ̀ ti bí yín?"

"Copiapó, lápá àríwá, nínú aṣálẹ̀. Ọgbà wáyà ni mo wá tún ṣe fún àwọn ará òdìkejì odò."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ará aṣálẹ̀. Abájọ."

Ó rọ òmíràn fún un. Nolberto fà á tán, ó la ẹnu, ó sì yára pa á dé. Edelmira rẹ́rìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni má tàn mí, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìfẹ́ ti wọlé.

Yìnyín ò dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ ṣú, ó ń bọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ń bọ́, títí ó fi dé ojú fèrèsé. Bàbá ní, "Àlejò, ṣọ́bìrì ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Bí Nolberto ṣe di ará ilé nìyẹn.

Òtútù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń bá jà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wa yìnyín kúrò lórí àgùntàn méjìdínlógún. Nígbà tí wọ́n fi máa fà wọ́n jáde, méje péré ló ṣì ń mí. Edelmira jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn òkú ẹran, kò tiẹ̀ lè sunkún, nítorí omijé ń dì.

Síbẹ̀, ayé ò korò tán. Ìyẹ̀fun tí wọ́n dín nínú ọ̀rá àgùntàn wà, tí ètè á máa dán gbinrin. Pòtétò tí wọ́n rì sínú eérú wà. Ológbò wà, tó sọ agbọ̀n òwú di ibùsùn. Trúkò náà wà, eré káàdì tó jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ayò níbẹ̀. Nolberto ò mọ irọ́ ọ́ pa. Tó bá ti fẹ́ pa á, etí rẹ̀ á pọ́n, Bàbá á sì kó gbogbo ayò lọ.

"Ọkùnrin tí etí ẹ̀ ń tú u fó," ni Bàbá máa ń wí, "ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Nolberto na ọwọ́ méjèèjì, Edelmira ń ká òwú sí i.

"Edelmira, o ti dè mí."

"Yìnyín ló dè ọ́. Òwú mi ni mò ń ká ní tèmi."

"Bí yìnyín bá wá yọ́ ńkọ́, ayọ̀ mi?"

Edelmira ń ká òwú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ó ń gbàdúrà kí yìnyín má yọ́. Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn ló ń bà á: ọ̀nà á ṣí, ọkùnrin á lọ, kò sì ní í padà.

Ní ọjọ́rọ̀, kí bátìrì má baà tètè kú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń tan rédíò, láti gbọ́ iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú ń rán sí àwọn tó wà ní àfonífojì. Gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó lè fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ohùn náà ní:

"Sí Nolberto Araya, níbikíbi tó bá wà. Ìyá rẹ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ń béèrè rẹ. Máa bọ̀ kíákíá."

Nolberto dìde, ó mú ṣọ́bìrì, ó jáde. Ó ń wa yìnyín, atẹ́gùn ń dí i padà lẹ́yìn rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò kọjá ọgbà àgùntàn. Nígbà tó wọlé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Kí ni Edelmira lè ṣe? Ó gbé kẹ́tùlù, ó rọ mátè. Ọkùnrin náà fà á, omijé ń bọ́ sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, rédíò di pàṣán. Lónìí, ìyá sàn díẹ̀. Lọ́la, ìyá ò jẹun mọ́. Wọ́n kàn ń gbọ́ ni, bí ẹni tí wọ́n dì lẹ́nu síwájú ilé tó ń jó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Nolberto kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. "Ẹ fún mi ní Edelmira, mo fẹ́ fi ṣe aya."

"Kí o gbé e lọ sí aṣálẹ̀?"

"Màá lọ rí ìyá mi, màá sì padà wá."

"Eliseo ọmọ mi náà wí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá dáhùn. "Ó jókòó síbi tí o wà yẹn. Ó mu mátè, ó dúpẹ́, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gorí òkè lọ. Ó di ọdún mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ lọ kì í padà."

"Bàámi, ẹ bi èmi náà," ni Edelmira wí.

"Ó dáa, mo bi ọ́. Ṣé wàá fi mí sílẹ̀?"

Ó wo àyà bàbá rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì tó ti lu. "Rárá," ó wí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sì fọ́ ọ lọ́kàn.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ìyẹn ló burú jù. Bí ẹnì kan bá jẹ̀bi, wọn ì bá rí ẹni bú.

Ní àárín oṣù kẹsàn-án, aládùúgbò kan gun ẹṣin dé, ó fa òmíràn lọ́wọ́. Ó ní ọ̀nà orí òkè ti ṣí, àmọ́ kò ní í ju ọjọ́ méjì lọ. Nolberto wọ ìbọ̀sẹ̀ tí Edelmira hun fún un. Edelmira gbọ́wọ́ lé kẹ́tùlù, Bàbá, ẹni tí kì í rọ mátè fún àlejò, sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rọ ọ́. Nolberto fà á tán, ó dá ahá padà, kò sọ̀rọ̀. Bàbá tún rọ ọ́. Ó tún fà á, ó dákẹ́.

"Ṣé a ń lọ àbí a ò lọ?" ni aládùúgbò ń pariwo níta. "Yìnyín mìíràn ń ṣú bọ̀ o."

Bàbá rọ ọ́ títí kẹ́tùlù fi gbẹ. "Omi ti tán, ará aṣálẹ̀."

"Mo rí i, Bàbá."

"Ó ku ohun kan tí èèyàn máa ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mi ò ní í sọ ọ́."

Ó dìde. Ó di Edelmira mú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí tí kò kan èmi àtẹ̀yin, ó sì jáde. Edelmira dúró ti fèrèsé títí ẹṣin méjèèjì fi dà bí eṣinṣin lára òkè. Yìnyín tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ń pa ipa ẹsẹ̀ wọn rẹ́ níṣojú rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i.

Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó gbé ahá kó lọ da ewé rẹ̀ nù.

"Gbé e sílẹ̀," ni Bàbá wí.

"Ewé á bu, Bàámi."

"Jẹ́ kó bu. Ọkùnrin yẹn ò tíì mu tán."