Àmì Tí Wọ́n Yọ Lára Ohùn Nimotallahi

Níbi wálíìmọ̀ ìgbéyàwó kan ní Kuta, ẹnìkan ṣí ìtàn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ìyàwó tuntun lè gbọ́ ìmọ̀ràn àwọn ìyálé. "Ìtàn Ìgbéyàwó" ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ohùn tó jáde kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn: obìnrin kan ń ròyìn bí ọkùnrin kan nílé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe fi ipá bá a lò pọ̀. Obìnrin náà, Nimotallahi, jókòó láàárín àwọn àlejò. Gbogbo ènìyàn dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ síta, ó sì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹjọ́ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, inú bí Inspẹ́kítọ̀ Ẹ̀rínọlá, obìnrin ọlọ́pàá tó gbọ́ ọ. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì àká ohùn ní Ìwó, níbi tí wọ́n ti ń gba ìtàn àwọn obìnrin sílẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmì ni wọ́n fi ń ya ìtàn sọ́tọ̀ níbẹ̀: ti oko, ti òwò, ti ìgbéyàwó. Ìfipábánilòpọ̀ ní àmì tirẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ohùn dún àfi bí olùgbọ́ bá kọ́kọ́ ka ìkìlọ̀, tó sì gbà. Ẹnìkan ti yọ àmì náà.

Hàbíbátù, tó gba ohùn àwọn obìnrin sílẹ̀, kúnlẹ̀ kí i. "Màmá, mo fi Ọlọ́run búra fún Nimotallahi pé àmì yẹn kò ní kúrò. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?"

"Ta ló lè yọ ọ́?"

"Èmi, Mikail tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, àti ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò."

Mikail rẹ́rìn-ín. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mà. Bí mo bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mà á bà jẹ́. Ìtàn tó ní àmì yẹn pọ̀, mẹ́ta péré ni wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan sí oko, ọ̀kan sí òwò, ọ̀kan sí ìgbéyàwó."

Ọládépò kò tilẹ̀ dìde. "Ìbànújẹ́ ni gbogbo rẹ̀, Inspẹ́kítọ̀. Kí la fẹ́ fi àmì ọ̀tọ̀ ṣe?"

"Ṣé ẹ ti gbọ́ àwọn ìtàn náà?"

"Èmi kẹ̀? Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. N kò mọ ìkankan nínú àwọn obìnrin náà."

Ẹ̀rínọlá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta délẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá: Eyínmẹ́nugún. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé fún un ni yóò máa pè é, àjèjì kò sì ní mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Inspẹ́kítọ̀ lọ sí agboolé ọkọ àkọ́kọ́ Nimotallahi.

"Bàbá tí ẹ ń pè ní Eyínmẹ́nugún ńkọ́?" ló bi ìyá arúgbó kan tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Wọ́n wà nínú ilé. Ṣé Dépò ọmọ àbúrò wọn ló rán ọ? Òun nìkan ló ń bá àwa ìyàwó ilé pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bó bá ti Ìbàdàn wá ọdún Iléyá, ilé ìdáná wa ló máa ń jókòó sí."

Nígbà tó padà sí ọ́fíìsì náà, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò, ẹni tó yọ àmì mọ ẹni tí Eyínmẹ́nugún ń ṣe. Hàbíbátù bi àwọn obìnrin náà, wọn kò sọ. Mikail, ọmọ Ilé-Ogbó, kò bá wọn tan. Bí àmì náà bá wà níbẹ̀, ẹni tó ṣí i yóò bá ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò sì gbọ́ orúkọ kan náà nínú gbogbo wọn. Ẹ tú wọn ká kí ẹ̀rí má baà pàdé ẹ̀rí. Ẹ bo ẹ̀gbọ́n baba yín láṣìírí, ẹ wá tú obìnrin yẹn síhòòhò lójú àwọn àna rẹ̀."

Ọládépò dorí kodò. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, mà. Àwọn ló rán mi níléèwé."

"Ilé tí wọ́n ti ń fi ipá bá ìyàwó ilé lò pọ̀, ọwọ́ wo ló kù tí a ó fi júwe rẹ̀?"

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ẹ̀rínọlá bi Nimotallahi bóyá kí wọ́n pa ìtàn náà rẹ́.

"Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ dá àmì rẹ̀ padà. Kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ mọ ohun tó fẹ́ gbọ́, kí ẹni tí kò lè gbọ́ ọ kọjá lọ."

Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nimotallahi kò wò ó. Ó kọjú sí Inspẹ́kítọ̀, ó sì pe ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Eyínmẹ́nugún ní orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́.